Ohun Tí Pẹ́ńsù Rí ní Afárá Burnside

Nínú àwọn àwòrán ogun tó wà ní ìpamọ́ ní ilé ìkówèésí àgbà Amẹ́ríkà, nílùú Washington, ọ̀kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù lásán yà. Edwin Forbes ló yà á lọ́dún 1862. Afárá òkúta kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ń rọ́ lù ú, òkè sì wà níwájú wọn tí ìbọn ti ń dún. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, kò sí àwọ̀ kankan, àfi eérú pẹ́ńsù lára ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn afárá yìí ló máa ń fojú fo àwòrán náà, wọ́n á lọ bá fọ́tò tí Alexander Gardner yà ládùúgbò kan náà lọ́dún kan náà, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ èèyàn lè purọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo gbà pé fọ́tò náà wúlò gan-an. Ohun tí mi ò gbà ni pé òun ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní afárá náà, tí kì í ṣe ti bí òkúta rẹ̀ ṣe rí nìkan, pẹ́ńsù Forbes ló sún mọ́ ọn jù, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1836 ni John Weaver kọ́ afárá náà sórí odò Antietam, lẹ́yìn ìlú kékeré tó ń jẹ́ Sharpsburg. Òkúta ẹfun ni ó fi kọ́ ọ. Ihò mẹ́ta tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun ló gbé e dúró lórí omi. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 125, ìbú rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, ìyẹn ni pé bí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan bá ti wà lórí rẹ̀, èkejì ní láti dúró dè é. Wọ́n fi pákó bo orí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òjò má baà máa wọ àárín òkúta. Àwọn àgbẹ̀ ló ni ín lò: irè oko ń gba orí rẹ̀ kọjá, ẹran ọ̀sìn ń gba orí rẹ̀ kọjá, ẹni tó ń ti Sharpsburg lọ sí Rohrersville ń gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá Rohrbach ni wọ́n ń pè é, nítorí ìdílé tí oko wọn wà nítòsí, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní Afárá Ìsàlẹ̀, torí pé méjì mìíràn tó jẹ́ òkúta bíi tirẹ̀ wà lókè odò náà, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè pátápátá. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹnikẹ́ni tó rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ti wọ ọdún kejì. Ọ̀gágun Robert E. Lee ti kó ọmọ ogun Gúúsù sọdá odò Potomac wọ Maryland, George McClellan tó jẹ́ olórí ogun Àríwá sì lé e bá ní Sharpsburg. Ambrose Burnside ni ó rán sí ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú ọmọ ogun tó tó 12,000, pé kí ó gba afárá, kí ó sọdá, kí ó sì kọlu ọwọ́ ọ̀tún Lee. Àwọn tó ń ṣọ́ afárá náà kò ju bí 500 lọ. Ará Georgia ni wọ́n, Robert Toombs, tó ti jẹ́ aṣòfin àgbà rí, ni olórí wọn. Wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn igi àti àpáta lórí òkè gàgàrà tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 lókè omi, wọ́n sì ń wo afárá náà nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo àgbàlá ilé rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Àwọn ará Connecticut ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Henry Kingsbury tó ṣáájú wọn fara gbọta, ọgbẹ́ náà ló sì pa á. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ kan láti Maryland àti ọ̀kan láti New Hampshire sáré gba ojú ọ̀nà tó tẹ̀ lé etí odò. Ọ̀nà yẹn gùn ju igba ìṣísẹ̀ lọ kí ó tó kan afárá, kò sì sí ibi ìfarapamọ́ kankan lára rẹ̀, ìbọn sì dá wọn padà. Ó di nǹkan bí aago kan ọ̀sán kí ẹgbẹ́ 51 ti New York àti ẹgbẹ́ 51 ti Pennsylvania tó já wálẹ̀ tààrà láti orí òkè tó kọjú sí afárá, tí wọ́n sì gbà á. Nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni ìwọ̀nba ènìyàn yẹn fi dá ogun ńlá dúró. Ó tún gba nǹkan bí wákàtí méjì sí i kí Burnside tó kó àwọn yòókù kọjá lórí ibi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Nígbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ Sharpsburg, A. P. Hill ti dé láti Harpers Ferry lẹ́yìn ìrìn máìlì 17, ó sì lé wọn padà sẹ́bàá odò. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, nǹkan bí 23,000 ènìyàn ló kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì ní apá méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni Afárá Rohrbach ti di Afárá Burnside lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Edwin Forbes jẹ́ ọmọ New York, wọ́n bí i lọ́dún 1839, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bá ogun rìn, kí ó máa ya ohun tó bá rí fún ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti Frank Leslie. Irú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ nígbà náà. Alfred Waud, ará London tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún Harper's Weekly. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìmú àwòrán pẹ́ńsù ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan nígbà yẹn tó lè tẹ fọ́tò sójú ìwé ìròyìn. Ohun tí ayàwòrán bá yà lójú ogun ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Níbẹ̀, ọwọ́ mìíràn á tún un yà sórí pákó igi líle, tí ọ̀tún á di òsì, kí ó lè bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Pákó náà kì í ṣe odindi. Ègé kéékèèké tí wọ́n fi irin so pọ̀ ni. Wọ́n á tú u, wọ́n á pín ègé náà fún àwọn afínpákó, oníkálukú á fín tirẹ̀, wọ́n á sì tún so ó pọ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣe ń fi ọ̀bẹ fín ìlà lára igbá lè fojú inú wo iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ ni pé ọkùnrin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń fín igbá kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó dé Sharpsburg rí. Ohun tó bá jáde sójú ìwé ìròyìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè ní ojú ọ̀run tí ayàwòrán kò yà, ẹṣin tí kò sí níbẹ̀, àti ọmọ ogun tó tò bí ẹni tó wà ní pápá ayẹyẹ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé irọ́ ni àwòrán ogun ayé ìgbà náà, iṣẹ́ pákó yìí ni wọ́n máa ń ní lọ́kàn. Pẹ́ńsù ti ṣáájú gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí. Ẹ̀ṣẹ̀ pákó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ńsù.

Àwọn kan á ní kí a fi gbogbo èyí sílẹ̀, kí a lo fọ́tò, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni òwe yẹn, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ Gardner fojú bà? Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ní pápá Antietam, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ogun. Ìbọn ti dákẹ́. Bí kò tilẹ̀ dákẹ́, ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè mú un: inú dígí tí wọ́n fi oògùn pa, tí kò gbọ́dọ̀ gbẹ, ni àwòrán ń bọ́ sí, ojú ẹ̀rọ náà sì ní láti là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ohun tó bá ń sáré á di ìkùukùu. Nítorí náà, afárá tó wà nínú fọ́tò Gardner jẹ́ afárá tó ń sinmi. Omi rọra ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, òkúta rẹ̀ hàn kedere, ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn lè rò pé ibi ìgbafẹ́ ni. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ìbéèrè kan tí a kò bi í ni ó dáhùn. Kò sì tún yẹ ká rò pé kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú fọ́tò. Lọ́dún 1975 ni William Frassanito tó ń ṣèwádìí àwọn fọ́tò ogun yìí fi hàn pé nínú fọ́tò olókìkí kan tí Gardner àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yà ní Gettysburg lọ́dún 1863, ńṣe ni wọ́n gbé òkú ọmọ ogun kan láti ibi tó wà lọ síbi mìíràn tó bá àwòrán mu jù. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní máa fi ẹ̀rọ ṣe onídàájọ́ lórí pẹ́ńsù mọ́. Á mọ̀ pé ẹlẹ́rìí méjì ló wà níwájú òun, ó sì yẹ kí òun bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè.

Mi ò ní torí èyí gba ẹ̀tọ́ Gardner lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò òkú Antietam hàn ní ilé àwòrán Mathew Brady ní New York lóṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ará ìlú rí ojú òkú ogun lọ́nà tí pẹ́ńsù kankan kò fi hàn wọ́n rí. Lórí ohun tí ogun ń ṣe sí ara ènìyàn, fọ́tò ló jàre. Ṣùgbọ́n afárá ni a ń sọ.

Àtakò tó le ju ti fọ́tò lọ wà. Wọ́n á ní àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn kì í dúró síbi tí ọta ti ń fò. Orí òkè tó jìnnà ni wọ́n ti ń wò, wọ́n á sì fi ohun tí ọmọ ogun bá sọ fún wọn dí àlàfo. Wọ́n á tún ní àwọn ará Àríwá ló ń ra ìwé ìròyìn Leslie, kò sì sí bí ayàwòrán rẹ̀ kò ṣe ní ṣègbè. Méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ìwé tí àwọn ọ̀gágun kọ nípa ogun kan náà ṣe wáyé? Lórí òkè tó jìnnà ni àwọn náà dúró, ẹnu àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀, oníkálukú wọn sì ní orúkọ tó fẹ́ dáàbò bò. A kì í torí èyí da ìwé wọn nù. Àgbéyẹ̀wò là ń ṣe, a máa ń wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ kò ti ní ìdí láti purọ́. Bákan náà ló yẹ kó rí fún àwòrán. Iye ọmọ ogun tó wà lórí afárá, bí ojú wọn ṣe le koko, bí àsíá ṣe ń fẹ́, mi ò ní fi ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí jẹ́rìí. Ti ilẹ̀ ni mo gbà. Ọmọ ogun ń sáré, ṣùgbọ́n òkè kì í sáré, afárá kì í sáré. Ayàwòrán ní àyè láti wo bí òkè ṣe ga sí, bí ó ṣe sún mọ́ omi tó, ibi tí ọ̀nà ti yí wọ afárá. Kò sí èrè kankan fún un nínú pé kí ó yí ìyẹn padà, nítorí àwọn ọmọ ogun tó jà níbẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn náà nínú àgọ́, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti jà.

Ibi tí ẹ̀rí ilẹ̀ yìí ti wúlò jù ni ẹjọ́ Burnside fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín pé ó jókòó ti afárá bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn, nígbà tí odò Antietam kò jìn. Henry Kyd Douglas, ọmọ ogun Gúúsù tí ilé bàbá rẹ̀ wà nítòsí Sharpsburg, tó sì mọ odò náà láti kékeré, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun Burnside ì bá fẹsẹ̀ la omi náà kọjá lọ́jọ́ yẹn láìjẹ́ pé ó kàn wọ́n ní ìbàdí. Ọdún 1940 ni ìwé náà jáde, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀ dé ibi pé àwọn kan ń sọ ọ́ bí àwàdà. Wo àwòrán Forbes kí o tó gbà á. Ohun tó kún ojú rẹ̀ kì í ṣe omi. Òkè ni, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó há sí ẹnu ihò kan. Ẹni tó bá wọ omi níbẹ̀, yálà ó dé orúnkún tàbí ó dé àyà, á rọra máa fẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀ láàárín òkúta tó ń yọ̀, ìbọn á sì wà lókè orí rẹ̀. Bí ó bá sì gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òkè gàgàrà ni yóò bá ara rẹ̀. Jíjìn omi kọ́ ni ìṣòro náà. Bí òkè, ọ̀nà àti omi ṣe sún mọ́ra ni ìṣòro. Ìwé Douglas sọ nípa omi nìkan. Fọ́tò fi òkè hàn ṣùgbọ́n kò sí ìbọn lórí rẹ̀. Àwòrán pẹ́ńsù nìkan ló kó òkè, ìbọn, afárá àti ènìyàn pọ̀ sójú kan. Èyí kò dá Burnside láre pátápátá. Wọ́n rán ọ̀wọ́ kan lábẹ́ Isaac Rodman láti wá ibi tí wọ́n lè gbà la odò já nísàlẹ̀, ó sì pẹ́ títí kí wọ́n tó rí i, ní ibi tó ń jẹ́ Snavely's Ford. Ó yẹ kí ẹnì kan ti lọ wo ibẹ̀ dáadáa ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ̀bi yẹn wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àìmọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bi òmùgọ̀, àwọn tó kú lójú ọ̀nà etí odò yẹn kò sì yẹ ní ẹni tí a ń fi ikú wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn lè ní: afárá náà ṣì wà níbẹ̀, kí la fẹ́ fi àwòrán ṣe? Ó wà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ó ṣe wà lọ́dún 1862 ni ó wà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba orí rẹ̀ títí di ọdún 1966 kí wọ́n tó la ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ti gbé òkúta ìrántí sí igun rẹ̀ rí, wọ́n sì ti kó wọn kúrò. Wọ́n ti tún òkúta rẹ̀ tò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí omi àti yìnyín kì í jẹ́ kí òkúta sinmi. Igi ti hù bo òkè tí àwọn ará Georgia dúró sí. Kí ẹni tó bá rò pé òkúta kò nílò ẹlẹ́rìí bi Afárá Àárín léèrè, èyí tó wà lójú ọ̀nà Boonsboro. Òkúta ni òun náà, ọmọ ogun gba orí òun náà kọjá lọ́jọ́ kan náà. Omíyalé gbé e lọ lọ́dún 1889. Lónìí, àwòrán nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń jà fún ìwé pélébé yìí. Lee padà sí Virginia lẹ́yìn ogun náà, Abraham Lincoln sì rí i gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun tó tó láti gbé ẹsẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí wọ́n gba afárá náà, ó kéde pé bí ó bá di ọjọ́ kìíní ọdún 1863, gbogbo ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀ di òmìnira. Maryland kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ tí afárá náà dúró lé lórí ṣì jẹ́ ilẹ̀ tí òfin ti fàyè gba oko ẹrú títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, tí ìpínlẹ̀ náà fi òfin tuntun pa á rẹ́. Ogun yìí kò sì jìnnà sí ilé wa tó bí a ṣe ń rò. Bí Àríwá ṣe dí etíkun Gúúsù pa, òwú wọ́n gógó ní Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó òwú Ẹ̀gbá sì gbé pẹ́ẹ́lí. Martin Delany, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ti wá sí Abẹ́òkúta, tó sì bá Aláké ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859 láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀, yí ojú padà sí ogun náà lẹ́yìn ìkéde Lincoln. Lọ́dún 1865 wọ́n fi í joyè méjọ̀ nínú ọmọ ogun Àríwá. Robert Campbell tí wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn yẹn gba ọ̀nà tirẹ̀: ó wá jókòó sí Èkó, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1863. Ọkùnrin méjì tó jọ rìn ní òpópónà Abẹ́òkúta ni ogun yìí pín níyà báyìí, ọ̀kan sínú aṣọ ológun, ọ̀kan sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Forbes kú lọ́dún 1895. Ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ti Waud bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Morgan tó ni ilé owó, àwọn ló sì fi wọ́n ta ilé ìkówèésí Washington lọ́rẹ lọ́dún 1919. Ìwé tí ọmọ ogun lè ká sínú àpò ti fara da ohun tí Afárá Àárín kò fara dà. Ohun kan ṣì wà tí fọ́tò Gardner rí, tí pẹ́ńsù kò kà sí. Lẹ́bàá afárá náà, nínú fọ́tò, igi síkámórè kékeré kan dúró létí omi, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ̀ka rẹ̀ ti na kọjá ògiri afárá, ìdí rẹ̀ sì ti tóbi kọjá ohun tí ọkùnrin kan lè fi apá gbá mọ́ra. Àárín ọta ìbọn ló ti yè bọ́, ẹ̀rọ Gardner nìkan ló sì ṣe ẹlẹ́rìí ìgbà èwe rẹ̀.